Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbé Ìbọn Wá sí Iyansan

Òórùn púpurù ni mo kọ́kọ́ fi mọ Iyansan. Wọ́n á mọ ẹ̀gẹ́ tó ti kan ní rìbìtì-rìbìtì, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná, èéfín á sì wọ aṣọ ènìyàn, títí kan èyí tó wà nínú àpótí. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Òṣogbo ni mo ti wá ṣe tíṣà níbẹ̀, ọmọge ni mí, mo sì ń dá gbé yàrá méjì nínú ilé kan tó kángun sí oko ọ̀pẹ. Ibẹ̀ tù mí lára ju bí mo ti lérò lọ. Ẹ̀rù olè nìkan ni kò jẹ́ kí n sùn fọnfọn, torí ìròyìn adigunjalè ló kún ẹnu gbogbo ènìyàn lásìkò yẹn.

Nígbà tí olè fọ́ ilé tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ní Ode-Irele, ẹnu mi ò gbà á dúró, mo sọ ọ́ nílé nígbà ìsinmi. Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bí mi ò bá rí ohun tí mo lè fi gba ara mi sílẹ̀ kí táàmù tó ń bọ̀ tó parí, òun á wá kó ẹrù mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà àti àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Bí mo ṣe padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun ìjà. Onílé mi, tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí ní Òkìtìpupa, ní ìbọn ṣakabùlà tó fi ń ṣọdẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, orúkọ mi ló wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá bá a lọ́wọ́ rẹ, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ ẹ̀wọ̀n."

Mo ní àdá ńkọ́? Ó wo bí mo ṣe rí tín-ín-rín, ó ní ṣe ni olè á gbà á lọ́wọ́ mi, á sì tún dúpẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń gún púpurù nítòsí ló dá sí i pé bàsíà ni kí n rà. Ní àdúgbò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í lu ìdí bàsíà òfìfo lásán, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa gbé wá. "Kò sí ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé àṣẹ ọmọ odó," ló wí. Mo ra bàsíà náà, mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Nígbà tí táàmù kù díẹ̀ kó parí, mo ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi aṣọ borí dójú, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ki bàsíà mọ́lẹ̀, mo ń lù ú. Kí n tó mí kanlẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ti ya dé pẹ̀lú ọmọ odó, ìyẹ̀fun púpurù funfun dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n ká ọkùnrin náà mọ́ ògiri. Ìbọn bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyàwó onílé na ọmọ odó sí i láyà.

"Kí lo fẹ́ fi ọma wa ṣe?"

"Èmi ni mo bí i," ni ọkùnrin náà dáhùn. Ohùn bàbá mi ni.

Ó ti kan ilẹ̀kùn iwájú títí, mi ò gbọ́, ló bá gba ẹ̀yìn. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ló ti ra ìbọn náà fún mi, ó ká a sínú ẹní láti Òṣogbo, òjò sì ti ba ẹní jẹ́ lọ́nà. Àwọn obìnrin náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n. Nígbà tí onílé dé, tó béèrè ìwé àṣẹ ìbọn náà, bàbá mi ní òun ò tíì gbà á. Onílé ní kó yára gbé e padà sílé, kó sì lọ gba ìwé rẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kàn án.

Mo ti ń ro bí màá ṣe di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹní mi ni bàbá mi fi di ìbọn rẹ̀, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo pẹ́ ní Iyansan, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ. Àlejò ni mo máa ń pe ara mi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bi bàbá tó bí mi lọ́mọ léèrè ohun tó fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi lọ́wọ́ bàbá mi ní Òṣogbo, ohun tó máa ń sọ kò ju pé, "Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀."