Irùngbọ̀n Nímọ́tà

Ibi tí èmi Sàídù ti ń lẹ táyà ní Liverpool Road, ní Apapa, kò sí tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can tí mi ò ní rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà níbẹ̀. Tí mo bá ní kò sí ọkùnrin kankan lójú ọ̀nà yẹn tó lè fi ẹ̀yìn gbé kọ̀ntéénà ẹlẹ́sẹ̀ ogójì wọlé bíi Nímọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Èmi àti ẹ̀ kì í ṣe ẹbí. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, mùsùlùmí, ó wa tírélà títí ojú rẹ̀ ò fi ríran dáadáa mọ́. Juliet, ìyá rẹ̀, ọmọ Warri, ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kú, kò sẹ́ni tó fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó rí ni pé tí àwọn dẹ́rẹ́bà bá ti tò sórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ nílé, òun ni wọ́n máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ kó bá wọn máa sún ọkọ̀ síwájú. Ó wa bí ogún ọkọ̀, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ láti wà.

Ó ní àṣà kan. Ní Apapa, gbogbo ayé ló ń fun fèrè ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Àwọn èèyàn sì máa ń sùn sábẹ́ tírélà nítorí oòrùn. Nítorí náà, kí Nímọ́tà tó fi ẹ̀yìn rìn, á na ọwọ́ jáde, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà, á dúró díẹ̀, á wá yọ orí wo abẹ́ ọkọ̀. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò gbàgbé rí.

Alhaji Fàsásì, tí ìdílé rẹ̀ ti ni ilẹ̀ ládùúgbò wa láyé àtijọ́, ní yáàdì lẹ́yìn ìsọ̀ mi, ó sì ń retí tírélà tuntun. Nímọ́tà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ̀ náà lé òun lọ́wọ́. Alhaji ò bínú, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò rí obìnrin tó ń wa tírélà gidi rí, kì í ṣe lójú títì, kì í ṣe nínú fíìmù, kódà kì í ṣe nínú géèmù tí Ruqoyah, ọmọ ọmọ òun, ń gbá lórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ ogún ọkọ̀ tí Nímọ́tà ń ṣe níwájú yáàdì rẹ̀, kò kà á sí ọkọ̀ wíwà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tèmítọ́lá dé. Ọmọbìnrin yìí ló ń ṣe géèmù jáde, òun àti àwọn méjì kan. Ó ní géèmù tírélà ni, ojú ọ̀nà Apapa gan-an, àwọn sì fẹ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù, kí àwọn fi ẹ̀rọ ká bó ṣe ń ṣe é. Gbogbo wa nàka sí Nímọ́tà. Wọ́n so nǹkan dúdú kéékèèké mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ìgúnpá àti èjìká, ó sì wa ọkọ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Kò béèrè ohun púpọ̀. Ó ní, "Obìnrin tí mo jẹ́ yìí ni kí ẹ fi sí i. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kó rí i." Tèmítọ́lá ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, géèmù jáde. Kẹ́ ẹ wá wo ọkùnrin! Ó síngbọnlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé àyà. Ó na ọwọ́ jáde, ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ orí wo abẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ èèyàn kan tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ nínú géèmù yẹn. Àwọn tó ṣe é rò pé fáàrí ni. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó dúró sí Liverpool Road nínú aṣọ tí kò bo itan, tí dẹ́rẹ́bà bá sì tètè dé, á jó fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yin èèyàn mi, n ò rí obìnrin tó wá jó fún tírélà nínú eruku yẹn rí. Inú bí mi débi pé mo fún táyà oníbàárà kan ní atẹ́gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nímọ́tà pe Tèmítọ́lá. Ọmọbìnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ òun, obìnrin lòun kọ́kọ́ yà, àwọn tó gbé owó géèmù náà kalẹ̀ ló ní kí òun pa á rẹ́, pé kò sẹ́ni tó máa gbà gbọ́. Nímọ́tà ní ó dáa. Ó jókòó sórí táyà mi fún bíi wákàtí kan. Ó dùn ún wọra.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ gbé táyà lọ sí yáàdì Alhaji. Ruqoyah jókòó ti bàbá àgbà, géèmù yẹn náà ló ń gbá. Alhaji ń wò ó, ó ń mi orí. Ó ní ká wo ọkùnrin yìí, ká wo ọwọ́ ẹ̀ lórí sítíárì, irú ẹ̀ gan-an lòun ń wá fún ọkọ̀ tuntun òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀.

Nímọ́tà ní, "Alhaji, èmi nìyẹn."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Nímọ́tà ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó tọrọ kọ́kọ́rọ́ tírélà àtijọ́ kan tó dí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ bá wọn gbé e kúrò. Ó gun òkè, ó na ọwọ́ jáde, ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ruqoyah gbójú sókè. Ó wo ọkọ̀, ó wo fóònù, ó tún wo ọkọ̀. Nímọ́tà yọ orí wo abẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn gbé tírélà náà wọ àárín ògiri méjì, bí ẹni ń ki ọwọ́ bọ apá ẹ̀wù.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Alhaji. Ó wá rọra béèrè pé ta ló wá gbé irùngbọ̀n lé e lágbọ̀n.

Nímọ́tà ní, "Wọ́n ní irú yín ò ní gbà gbọ́. Ẹ̀yin náà sì ní ẹ ò rí i nínú géèmù rí. Ta ni kí n wá lọ bá, Alhaji?"

Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun ní Mọ́ńdè.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń wa ọkọ̀ náà, dẹ́rẹ́bà kan tí wọ́n ń pè ní Tega, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Sápẹ́lẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Nímọ́tà fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé. Ó gbá ilẹ̀kùn, gbà, gbà. Tega bú sẹ́rìn-ín.

"Madam, na that game you dey copy?"

Ó rò pé ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ló ń sín jẹ. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti yọ jáde lábẹ́ tírélà Nímọ́tà, ẹní wà ní abíyá rẹ̀, ó ń nu ojú. Tega náà tẹ̀ba, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Nímọ́tà dúró kí ọkùnrin náà kọjá, ó wá yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá Sàídù, ẹ fún mi ní gọ́ọ̀mù yín díẹ̀. Irùngbọ̀n ló kù tí n ò tíì lẹ̀."