Ìyá Tó Fà Mí Yọ Lódò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. N kò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé. Màmá mi ti kìlọ̀ títí pé n kò gbọdọ̀ dá lọ sódò, mo sì lọ. Arúgbó aláró kan tó ń gbé létí omi ló na ọ̀pá tó fi ń ro aró sí mi, tó fà mí yọ. Ó gbé mi dé ẹ̀yìnkùlé ilé Fadá, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ní àdúgbò wa, "Ìyá" lásán ni gbogbo wa ń pè é.

Òyìnbó ni Fadá wa. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó gbòmìnira, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìtàn ayé àwọn ẹni mímọ́ ló sì máa ń kọ sínú ìwé pélébé tí à ń kà ní kíláàsì. Ó bi mí pé ta ló yọ mí. Mo ní, "Ìyá ni."

"Ìyá wa Màríà!" Ó ya àmì àgbélébùú. Màmá mi tó ti mú pàṣán sáré dé jù ú sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo wo pàṣán náà nílẹ̀.

Kí ìwé tó lọ sílé ìtẹ̀wé, Fadá pè mí, ó ka ìtàn mi sí mi létí. "Ọmọ mi, bí mo bá ṣì í, sọ o. Inú kò ní bí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Fadá."

Lọ́dún kejì, odò gbé ọmọ mìíràn. Wọ́n ní aláró ló ń fa ọmọ sómi. Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n lé e kúrò nílùú. Ẹ̀yìn màmá mi ni mo sá sí. Ó rí mi, ó fi ìró rẹ̀ bò mí lójú.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, obìnrin kan mú ìwé náà wá, ó ka ìtàn ọmọ inú odò sókè. Nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó dé ibùdókọ̀ wa ní Yarnton Way, mo jẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin mi.

"Mummy, ìwọ ni ọmọ yẹn? Kí ló dé tí o ò just sọ fún Father?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè wo ojú olùkọ́ yín kí ẹ ní, "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀." Láyé tiwa, ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Fadá bi mí, ó sì dúró gbọ́ èsì. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó lè nà mí mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin yẹn kàwé tán tí ìjọ pàtẹ́wọ́, mo bá wọn pa á.