Àpáta Inú Kànga

Bí òórùn òkúta gbígbóná tí wọ́n da omi lé bá kan imú mi, ọ̀sán ọjọ́ kan l'Ọ̀mù-Àrán ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ń gbẹ́ kànga, ó kan àpáta. Ó ń dáná sun ún, ó ń da omi lé e kó lè sán. Èmi akọni sá sẹ́yìn ìyá mi tó lóyún. Mo rò pé Bàbá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ dé ọ̀run ni.

Àbúrò Bàbá ti Ìlọrin dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ìjọba Kwara tuntun ń gba akọ̀wé! Ẹ jáde nínú ihò!"

"Ṣé iṣẹ́ ọ̀hún lómi nínú? Na igi ìdáná yẹn sí mi."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Kò yé mi rárá. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ọ̀nà odò ni oyún tó ṣáájú ti bàjẹ́ lára rẹ̀.

Àbúrò Bàbá wo ikùn rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó na igi sí Bàbá nínú kànga.