Ìyá Tàn-án-Wò àti Ẹ̀rọ Mẹ́fà Tó Ń Rí Ooru

Bí èèyàn bá gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ń sọ nípa Ìyá Tàn-án-Wò, á rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ní gbogbo nọ́ńbà inú ìwé owó ibodè ló mọ̀ sórí. Wọ́n ní kò gbàgbé ẹrù kankan rí. Wọ́n ní kò ṣe àṣìṣe rí láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́: ìwé náà wà lórí tábìlì rẹ̀, etí rẹ̀ ti gbó bí aṣọ ìnulẹ̀, ó sì ń ṣí i tó ìgbà ogójì lójúmọ́. Ẹ̀kẹta ni ìtàn yìí dá lé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ohunkóhun tó bá gba ibodè wọ ìlú, látorí abẹ́rẹ́ dórí katakata, ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye tí ẹni tó ni ẹrù máa san, òun ló sì ń sọ bóyá ó gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ. Ìyá ló ń pinnu nọ́ńbà tí ẹrù jẹ́. Bí wọ́n bá ní bàtà làwọn kó dé, á ní bàtà kí ni, ṣé awọ ni àbí rọ́bà, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, níbo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wá láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń lo iná tó lè kọjá tábìlì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀. "Ẹ tàn án wò," á wí, á sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí kì í lo iná pàápàá kò bọ́. Ó ti ní kí oníṣòwò kan tó wọ kóòtù fun fèrè tó kó wọlé, kí òun lè mọ̀ bóyá ohun èlò orin ni tàbí ohun ìṣeré ọmọdé. Ọkùnrin náà fun ún títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú.

"Ohun ìṣeré ọmọdé ni," ni ìyá wí. "Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n fun."

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ìwà yìí. Ẹrù tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀ a máa lo wákàtí mẹ́ta, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, ṣé kí n tan bàtà mi náà wò ni?" Bí ó bá gbọ́, á ní, "Tó bá ń lo bátìrì, gbé e wá."

Lára ògiri ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni wọ́n lẹ àwọn ìwé ìpinnu mọ́. Nígbà tí ẹrù àjèjì kan bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á kọ ọ́ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀: ohun tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹni tó pinnu. Tí irú rẹ̀ bá tún dé, ohun tí ògiri bá wí ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa tẹ̀ lé. Ìwé kọkàndínlógún, tí oòrùn ojú fèrèsé ti sọ di pípọ́n rúsúrúsú, sọ pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru yàwòrán, kámẹ́rà ni. Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, nígbà tó ku oṣù márùn-ún kí ó fẹ̀yìn tì, obìnrin oníná kan gbé páálí kan ka orí tábìlì rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó máa wá ibi tí wáyà ti ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ nínú ilé iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn, kí ilé tó gbiná. Ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń rí ooru ló wà nínú páálí náà. Ilé ìwòsàn kan ti gbé iṣẹ́ fún un, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ti wo ara ògiri, ó sì ti kọ "kámẹ́rà" sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó máa san ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ra ẹrù. Obìnrin náà lè fara da ìyẹn. Ohun tí kò lè fara dà ni pé kámẹ́rà tó ń ríran nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláàbò ìlú, ìwé náà kì í sì í jáde kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ká ní ohun ìwọnooru ni, bí èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ìgbóná ara, ìdá márùn-ún péré ni, kò sì sí ìwé àṣẹ rárá.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí ló ń ṣe?"

"Ooru ló ń rí, mà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń yàwòrán. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ́ ni mò ń tà."

"Tàn án wò."

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì, ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú lásán kò rí nǹkankan lórí tábìlì. Lójú ẹ̀rọ, àtẹ́lẹwọ́ kan wà níbẹ̀ tó pọ́n bí ẹ̀yinná, pẹ̀lú ìka márààrún. Láàárín rẹ̀ ni nọ́ńbà kékeré kan wà: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ó di ọgbọ̀n, ó di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ẹlòmíì ì bá máa wo ọwọ́ náà. Nọ́ńbà ni ìyá ń wò.

"Kí ni nọ́ńbà yìí ń wí?"

"Bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó ni, mà."

"Ṣé ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo?"

"Òun gan-an ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá sọ fún ilé ìwòsàn pé wáyà yín pọ́n, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó ti di àádọ́rùn-ún."

Ìwé ńlá náà sọ ọ́ kedere, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan tí ìyá mọ̀ bí ẹní mowó: èyí tó kàn ń yàwòrán ooru, kámẹ́rà ni, èyí tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ooru ṣe tó, ohun ìwọ̀n ni. Ìyá yíjú wo ògiri. Ó yíjú wo ẹ̀rọ.

"Padà wá lọ́la," ó wí. "Jẹ́ kí n wo fáìlì kan."

Fáìlì náà wà ní yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ eruku. Lórí fọ́ọ̀mù ìpinnu gbogbo, ìlà kan wà tí ìyá fúnra rẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin nídìí iṣẹ́: *A tàn án wò, ohun tí a sì rí ni pé.* Lórí ìwé kọkàndínlógún, àti ti ara ògiri àti ẹ̀dà rẹ̀ nínú fáìlì, òfìfo ni ìlà náà, kò sì sẹ́ni tó kà á débẹ̀ rí.

Ó rántí. Bátìrì ẹ̀rọ ọjọ́ náà ti kú. Ẹni tó ni ín ń kánjú. Ìyá ní ọmọbìnrin kan nílé tí ibà ń ṣe, òun alára sì ń wo aago. Ó ka ìwé ìléwọ́ tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ojú ewé àkọ́kọ́ pè é ní kámẹ́rà, òun náà sì kọ kámẹ́rà. Ìwé ìléwọ́ náà ṣì wà nínú fáìlì. Ó ṣí i dé ojú ewé kọkànlá. Wọ́n ya ojú ẹ̀rọ náà síbẹ̀, nọ́ńbà sì wà láàárín rẹ̀.

Nínú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kọjá láìtan iná. Òun ni gbogbo ilé iṣẹ́ sì ti ń tẹ̀ lé láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ó gbé fáìlì náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ọkùnrin kan tí ìyá fi ọdún mẹ́tàdínlógún dàgbà jù, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ọ̀gá kà á tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀ nípa ìlà yìí, mà?"

"Ẹ̀yin àti èmi, ọ̀gá. Àti ìlà náà."

"Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ti da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló kù tí ẹ máa tẹ̀, ẹ wá ń wá ẹ̀yinná kiri. Gbogbo ẹni tó ti sanwó kámẹ́rà láti ọdún mẹ́sàn-án ló máa kọ lẹ́tà. Àwọn ayẹ̀wéwò á dé. Wọ́n á tú fáìlì yín látòkè délẹ̀, wọn ò sì ní fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì yín títí wọ́n á fi parí."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n tiẹ̀ lè ní ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan."

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó di ọ̀la," ó wí.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí nílé iṣẹ́ máa ń fo ibí yìí. Lójú tiwọn, ìyá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé kọkàndínlógún kúrò lára ògiri, ó ká a sínú àpamọ́wọ́, ó gbé e lọ sílé, ohun tí òfin iṣẹ́ kò gbà fún ẹnikẹ́ni.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ègé aṣọ sì kún abẹ́ àga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá bá a tó ń fi abẹ́ tú ojú rírán ṣòkòtò kan tó ti parí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ òsì fi ìdajì ìka gùn ju ọ̀tún lọ."

"Ṣé oníṣòkòtò ló rí i?"

"Níbo ni yóò ti rí i? Ó ti gbé e lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ni mo sáré lé e bá lójú títì, tí mo gbà á padà."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní mo gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa wò títí ayé."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ìwé náà jáde, ó sì rò fún un, láti orí bátìrì dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ọkọ rẹ̀ ń gbọ́, abẹ́ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mà ti gé aṣọ ìfẹ̀yìntì rẹ," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ rán an. Ẹ má tíì gbá etí rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò ó. Ó na ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò sí i, ìyá bá a dì í mú.

Nígbà tí obìnrin oníná padà dé ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ní kí ó kó ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde.

"Bákan náà ni gbogbo wọn, mà. Ẹ ti rí ọ̀kan."

"Ọmọ ìyá kan náà kì í ní ìwà kan náà. Tàn wọ́n wò."

Èkínní yọ nọ́ńbà. Èkejì, ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀karùn-ún, gbogbo wọn ló yọ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹfà ya àtẹ́lẹwọ́ tó pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà. Obìnrin náà tẹ gbogbo bọ́tìnnì ara rẹ̀. Kò sí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ti ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù mi ni, mà. Kó lè máa rí ẹni tó bá fẹ́ fo ògiri."

"Kámẹ́rà ni."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo."

"Mo ti gbójú fo ọ̀kan ṣoṣo rí," ni ìyá wí. "Òun ló ń dá ọ dúró láti àná."

Ó fa fọ́ọ̀mù tuntun jáde, ó kọ ìpinnu náà: ẹ̀rọ márùn-ún, ohun ìwọ̀n, ẹ̀rọ kan, kámẹ́rà. Ó tẹ́ ìwé kọkàndínlógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí ìlà tó ṣófo, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: *A kò tàn án wò. Èmi ni mo ṣe é.* Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì òní, kì í ṣe ti ìgbà náà. Ó lẹ méjèèjì mọ́ ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí wọn. Ọ̀gá lu òǹtẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Márùn-ún jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀kẹfà wọ yàrá ìkẹ́rù-sí lọ dúró de ìwé àṣẹ. Obìnrin oníná kò dúpẹ́ tó bó ṣe yẹ, ìbínú ẹ̀kẹfà kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun rí oríkèé wáyà kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà tó ti gbóná dé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ kì í pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní kékeré.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóòótọ́. Ayẹ̀wéwò méjì gbé àpò wọn dé, wọ́n jókòó ti ìyá bí àna tó ń wo ìyàwó tuntun. Wọ́n béèrè ẹni tó ń kó nǹkan fún un. Wọ́n tú fáìlì ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ń wá ìlà mìíràn tó ṣófo. Wọn kò rí. Wọ́n rí bàtà rọ́bà kan tí ó kọ sí bàtà awọ.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni ìyá wí, ó sì fún wọn ní bírò.

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé, ó kọjá lọ, ó sì wà lórí àga rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n tàn án wò. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ìyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró sáàárín yàrá iwájú, ó wọ aṣọ ìfẹ̀yìntì náà. Aṣọ náà ti tóbi jù fún un. Àwọn oṣù tí àwọn ayẹ̀wéwò fi jókòó tì í ti mú un rù. Ọkọ rẹ̀ fi ìka wọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wọn ti òsì, ó mi orí. Kò tíì gbá etí aṣọ náà síbẹ̀.

"Tí o bá lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ó wí.

Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ó lè rí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà dáadáa.

"Ẹ tú u," ó wí. "Ẹ má sì wá sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ lẹ gbàgbé sínú rẹ̀."