Bàbá Aláṣọ ti Richmond Hill

Ilé náà ní balùwẹ̀ méje, bàbá ò sì gbà kí n wẹ àwọn nínú ìkankan. Lárúbáwá ará Lebanon ni bàbá yìí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ilé ìtajà aṣọ wọn kún Toronto ní Canada, ṣùgbọ́n iyè wọn ti ń ra. Èmi ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú wọn. Bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀ láti North York dé ilé wọn ní Richmond Hill láràárọ̀, kí bàbá lè rí ẹni lé jáde. Ẹni mẹ́ta ló ti sá kí n tó dé.

Bí mo bá ti gbé tówẹ̀lì dé, bàbá á gbà á, wọ́n á na apá, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti imú dé orí ìka. Wọ́n á ká a, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan, omi ti tutù lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi. Mo fi Yorùbá sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́: "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Bàbá gbójú sókè, Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Ọ̀pá méjì ni, màdáámù. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Àwọ̀ ẹ̀ kì í ṣí."

Yéè! Ẹnu yà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ní, "Ó ti wọ́n jù." Wọn ò tíì dárúkọ iye kankan o. A ná an títí dé inú balùwẹ̀. Nígbà tí iye ẹ̀ máa fi tẹ́ mi lọ́rùn, bàbá ti wà nínú omi.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjà Gbági. Ìyá aláṣọ kan ló fún wọn ní ìdajì ìsọ̀ rẹ̀, tó kọ́ wọn ní Yorùbá, tó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn aṣọ láìfà á. "Bí mo bá fà á, Ìyá á gbá mi lọ́wọ́." Wọ́n á wá na ọwọ́ náà sí mi kí n wò ó.

Lásìkò yẹn, ọmọ wọn ọkùnrin ń kọ ìwé nípa ìgbésí ayé wọn. Á gbé fóònù síwájú bàbá, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá á fi Yorùbá dá a lóhùn: "Fi Ìyá síbẹ̀. Ìyá ni kó o fi ṣáájú." Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó ní bàbá òun ò ní ìyá kankan n'Íbàdàn, pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Mo tún un túmọ̀, mo fi ìbínú díẹ̀ sí i. Ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná.

Ìwé jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ran bàbá lọ́wọ́. Bàbá ò lè kàwé mọ́. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Kà á fún mi. Ìyá dà?"

Ó dùn mí wọra. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo gbóhùn sókè, mo kà á ní Yorùbá: "Ìyá aláṣọ kan wà ní Gbági, tó fún mi ní ìdajì ìsọ̀ rẹ̀." Bàbá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú tówẹ̀lì, wọ́n dìde, wọ́n gba balùwẹ̀ lọ fúnra wọn.

Àràárọ̀ ni mò ń kà á báyìí. Ọmọ wọn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú ẹ̀ á máa dùn pé bàbá fẹ́ràn ìwé òun.