Ọrùn Custodio Lábẹ́ Ìtẹ́ Màríà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí Custodio Barragán ṣe gba Ọlọ́run gbọ́ tó, kó má wulẹ̀ bi í. Àwa tí a jọ ń gbé ní ìlú Alcorbía ti bi í títí, ó ti sú wa. "Ẹ lọ bi fádà," ni yóò wí, "òun ni wọ́n ń sanwó fún." Kò tíì lọ sí Máàsì láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí títí Eulalia ìyàwó rẹ̀ fi wá fà á létí wọlé. Ṣùgbọ́n kí aláìmọ̀kan kan sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí Màríà Oníbànújẹ́, ère onígi tó ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Custodio á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láàárín ìta, á ní kí onítọ̀hún wá bá òun jà, ìbáà jẹ́ ọlọ́pàá mẹ́fà.

Ẹni tó gbẹ́ ère náà ti kú kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó hu eyín, síbẹ̀ omijé dígí tó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ti ìlú ńlá wá wò ó. Wọ́n á yí i po, wọ́n á ní ogún ìgbàgbọ́ nìyí, ní orísun gbogbo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, wọ́n á sì yà á ní fọ́tò títí fóònù wọn á fi gbóná débi tí a lè fi din ẹyin. A kì í bá wọn jiyàn. Bíà là ń tà fún wọn.

Ní Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni Màríà máa ń jáde. Wọ́n á gbé e gun ìtẹ́ fàdákà, tòun ti àbẹ́là, òdòdó àti aṣọ ìlékè tí wọ́n fi òwú góòlù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹrù tó jẹ́ pé bí ó bá bọ́ lulẹ̀, ó lè jálẹ̀ dé òdìkejì ayé. Ẹ̀yìn ọrùn ni àwọn ọkùnrin ìlú wa fi ń gbé e. Wọ́n á wọ abẹ́ ìtẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú òṣùká rẹ̀, wọ́n á ta aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò sì ní rí nǹkan kan mọ́ àfi ìdí ẹni tó wà níwájú wọn. Àwa tó wà níta, ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń rí. Láti ìgbà tí Custodio ti ń bó èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì, kó tó fẹ́ ìyàwó, ló ti wà ní ìlà kẹta lábẹ́ ibẹ̀. Ọdọọdún ni Eulalia ń rán òṣùká fún un. Ọdọọdún náà ni ìtẹ́ ń gba abẹ́ fèrèsé wọn kọjá ní Òpópónà Olífì, tí Eulalia á sì yọrí, á pariwo tí fádà pàápàá á fi rẹ́rìn-ín.

"Custodio! Ìwọ lò ń tẹ ẹsẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ yẹn, mo ti mọ̀ ẹ́!"

Ohùn kan á ti abẹ́ Màríà dáhùn: "Lọ se oúnjẹ, obìnrin yìí!"

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara wọn nìyẹn. Wọn ò bímọ. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń dí àyè ọmọ.

Kérésì tó kọjá ni Eulalia dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn dókítà wò ó títí, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Kò béèrè fádà, kò béèrè oògùn. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́: kí òun jókòó sójú fèrèsé, kí Màríà dúró nísàlẹ̀, kí Custodio sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mo ṣèlérí," ni Custodio wí.

Àṣé ara rẹ̀ kò bá a ṣèlérí. Lóṣù kìíní ọdún, Anselmo, olórí àwọn tó ń ru ìtẹ́, pe gbogbo wọn sí ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì láti wọn ẹ̀yìn ọrùn wọn, kí ìtẹ́ má baà fì sápá kan. Anselmo yìí, ikùn rẹ̀ máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì kí òun fúnra rẹ̀ tó kúrò nílé. Òun àti Custodio jọ dàgbà ni. Ó gbé igi ìdábùú lé ìlà kẹta, igi kan ọrùn gbogbo èèyàn, atẹ́gùn sì ń kọjá lórí ti Custodio.

"Custodio, ta ló ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ilẹ̀ ló ń ga sí i."

"Ọ̀rẹ́ mi, o ti súnkì. Àgbà ti dé. Bí ọrùn ẹ kò bá kan igi, ẹlòmíì ló ń bá ẹ gbé tìẹ."

"Wọ̀n mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tó padà wá, ó ti ga. Ó gé èèpo igi ìdérí ìgò, ó tẹ́ ẹ sínú bàtà bíi búrẹ́dì méjì tó lé ara wọn, ó wá ń rìn bí ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ bàtà ìyàwó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Anselmo wo ọrùn, ó wo bàtà, ó tún wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O mà dàgbà sí i o. Kí lò ń jẹ?"

"Ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà yẹn dáa." Anselmo yíjú sí ibòmíì. "Ìlà kẹta. Kí Eulalia ṣáà máa retí wa."

Nígbà tí Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ dé, Eulalia kò fọwọ́ kan búrẹ́dì olóyin tí Remedios, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dín fún un. Èémí rẹ̀ ń wọlé, ń jáde bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun jókòó.

"Custodio, má lọ," ni Remedios wí. "Lọ́dún yìí nìkan."

"Ẹ jẹ́ ó lọ, ẹ̀gbọ́n mi," Eulalia fèsì láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bó bá jókòó tì mí pẹ̀lú ojú tó fà ro yẹn, òun gan-an ló máa pa mí."

Custodio tẹrí ba sí i. "Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Má jẹ́ kí wọ́n yára kọjá, o gbọ́? Mo fẹ́ wò ó dáadáa."

Oòrùn ọ̀sán ń jó ìlú nígbà tí Màríà jáde. Fèrè ń dún, ìlù ń dún, olórí ìlú ń kí àwọn èèyàn tí kò kí i. Lábẹ́ ìtẹ́, nínú òkùnkùn, Custodio ń fi imú mọ ọ̀nà: òórùn epo gbígbóná, a ti dé ilé alákàrà, òórùn ìgbẹ́ ẹṣin, ọjà nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan òkúta róbótó, ó mọ̀ pé Òpópónà Olífì ni. Anselmo darí wọn títí ojú Màríà fi kọ sí fèrèsé, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Fèrè dákẹ́.

Custodio tẹ́tí. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó rò pé oorun ló gbé e lọ. Gbogbo òpópónà náà pa lọ́lọ́, ó sì rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún aláìsàn.

Ohun tí kò lè rí ni gbogbo wa ń wò níta. Remedios ti so aṣọ dúdú rọ̀ sábẹ́ fèrèsé, àmì òkú.

Nílùú wa, a kì í gbé ìtẹ́ láìdárúkọ ẹni tí a gbé e fún. Bí ó bá ń ṣàìsàn, olórí àwọn tó ń ru ìtẹ́ á ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Bí ó bá ti kú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Anselmo rí aṣọ dúdú náà, omi sì bo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ bu ọlá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbàgbé pé àwọn tó wà lábẹ́ kì í rí ìta. Ó gbá òòlù fàdákà tó fi ń pàṣẹ fún wọn mọ́ ìtẹ́, ó kígbe:

"Ẹ̀yin ọkùnrin! Èyí tí a fẹ́ gbé yìí, ti Eulalia ni, ìyàwó Custodio wa. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere!"

Òòlù tún dún, wọ́n sì fò sókè. Custodio bá wọn fò. Ara rẹ̀ ti gbé ẹrù kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Anselmo. Kí lo wí?"

Anselmo fọwọ́ bo ẹnu. Kò lè ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kò lè ní kí wọ́n máa lọ.

Ginés, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Custodio, sún ọrùn rẹ̀ wọ ààyè Custodio. "Ẹ máa lọ, bàbá. Mo ti gbà á."

Custodio rá jáde láàárín aṣọ títa. A yà fún un. Kò wo ẹnikẹ́ni, ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

Wọ́n ti gbé àga kọjú sí fèrèsé. Eulalia wà lórí rẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lọ́tùn-ún lósì.

"Ìgbà wo ni?"

"Bí fèrè ṣe ń yí kọ́nà bọ̀," ni Remedios wí. "Ó gbọ́ ọ. Ó ní kí n gbé òun dìde. Kí n tó gbé e jókòó tán..."

"Ta ló wá ní kẹ́ ẹ pa ojú ẹ̀ dé?"

"Custodio..."

"Kò tíì rí i! Ìtẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá pa ojú ẹ̀ dé!"

Ó kúnlẹ̀ ti àga náà, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì wo ìta. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tó ti ń ru Màríà, kò tíì rí i rí nínú oòrùn, lójúkojú bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ fún un. "Òdòdó funfun ni wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀, Eulalia. Àbẹ́là kan ti kú lápá ibí yìí. Aṣọ ìlékè ẹ̀ ń dán. Omijé ẹ̀... wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò lọ."

Etí rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́: igi ìdábùú ń dún, àwọn ọkùnrin ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Anselmo! Ẹ máa gbé e lọ. Ọrùn ń dun àwọn èèyàn."

Anselmo na ọwọ́ sí òòlù, kò lè kàn án.

"Gbé e lọ," ni Custodio tún wí. "Mo bẹ̀ ẹ́. Kí ọkàn mi tó ní kí n dá a dúró síbí fún Eulalia."