Ògiri Tí Àbúrò Mi Fi Ka Igún

Àbúrò mi obìnrin ló ń fọ odò ẹran. Kì í pa ẹran, kì í sì í tà á. Àwọn alápatà á pa tiwọn, wọ́n á kun ún, wọ́n á gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ìfun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ dè é. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń fọ ilẹ̀ yẹn àti ògiri rẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò, sóódà ti fá ìka rẹ̀ dan bí ẹ̀yìn ṣíbí. Mo ti sọ fún un títí pé kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ó kọ etí ikún sí mi. Olórí kunkun ni. Ìyá kan náà ló bí wa, n ò mọ ibi tó ti rí i.

Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, igún bo orí páànù bí ẹni sá aṣọ dúdú. Bí àwọn alápatà bá ti kúrò báyìí, igún á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀sọ̀ rìn wọlé bíi lọ́yà tó ń wọ kóòtù, wọ́n á sì ṣa gbogbo ohun tó kù jẹ. Kí àbúrò mi tó gbé garawa dé, wọ́n ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Ogún garawa omi péré, ilẹ̀ ti mọ́.

Ọ̀gá kan wá dé sí ọ́fíìsì odò ẹran, tó kórìíra igún bí ẹni pé igún ló jẹ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́gbin ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n gé igi ńlá ẹ̀yìn ilé tí igún ń sùn lé. Wọ́n gé e. Lọ́nà oko ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ń fi májèlé sínú òkú ẹran nítorí ajá tó ń pa wọ́n ní ewúrẹ́. Igún á jẹ ẹ́, á kú. Bẹ́ẹ̀ ni igún bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àbúrò mi tọ ọ̀gá lọ.

“Ọ̀gá, igún ń dín kù o. Ọgbọ̀n garawa ni mò ń dà báyìí kí ilẹ̀ tó mọ́.”

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ta ló kà wọ́n?”

Àbúrò mi jáde. Ó lọ mú ọ̀bẹ kan tó ti kú, tí àwọn alápatà sọ nù, ó sì gé ìlà sára ògiri ẹ̀yìn. Ìlà gígùn kan, ogún igún. Ìlà kékeré kan, igún kan. Gbogbo ìparí oṣù, bí igún bá ti bà tán láàárọ̀, á kà wọ́n, á gé e sí abẹ́ ti oṣù tó kọjá. Kò mọ̀wé kọ, bíi tèmi náà, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ogún?

Mo bi í léèrè nígbà yẹn, mo ní, “Èédú kún ilẹ̀ níbí, kí ló dé tí o ò fi èédú kọ ọ́, tó o wá ń ha ògiri bí eku?”

Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń fọ ògiri yìí?”

Mo pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe ojoojúmọ́ nìyẹn ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn alápatà fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sọ ọ́ ní Alága Igún. Baba Alápatà, olórí wọn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Alága, ṣé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé lónìí?”

“Wọ́n pé ju ọpọlọ yín lọ.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Mo máa ń sọ pé obìnrin tí kò rántí ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, ó rántí iye igún.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì, ọmọ tín-ín-rín, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní òun ń wá igún. A ní kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun mọ ẹyẹ tó ń tán nílẹ̀ àti ohun tó ń pa wọ́n. Ni àbúrò mi bá mú un lọ sẹ́yìn, ó nawọ́ sí ògiri, ó ṣàlàyé ìlà gígùn, ó ṣàlàyé ìlà kékeré. Ọmọ náà jókòó sórí ilẹ̀ títutù pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó dára, ó bú sẹ́kún.

“Màmá, gbogbo wa mọ̀ pé igún ń tán. Kò sẹ́ni tó rí iye wọn kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni.”

“Ẹ ò bá ti wá béèrè,” ni àbúrò mi wí. “Dìde níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù lo jókòó sí.”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ Yunifásítì mú lẹ́tà wá. Ìpàdé ńlá kan wà nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ayé ti ń jókòó ro bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí ẹranko àti ẹyẹ run. Wọ́n fẹ́ kí àbúrò mi wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní èdè rẹ̀, kí ọmọ Yunifásítì máa túmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ líle kan wà nínú lẹ́tà náà. Fọ́tò ògiri tí ọmọ Yunifásítì fi ránṣẹ́ ò hàn dáadáa. Èéfín awọ tí wọ́n ń sun ti sọ ògiri di dúdú, ìlà náà sì dúdú. Wọ́n ní bí fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kedere, tí èèyàn lè ka ìlà inú rẹ̀, ò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó parí, ẹlòmíràn làwọn máa fún láàyè. Ọmọ Yunifásítì ní òun á mú oníkámẹ́rà gidi wá lọ́jọ́bọ̀, àti ọ̀gá òun ní yunifásítì.

Àbúrò mi ò wí pé òun fẹ́ lọ, kò wí pé òun ò fẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó gbé àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó nù ún, tó dá a padà, tó tún gbé e jáde. Ó ra bàtà. Ọdún méjìlélógún nínú bàtà òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ bàtà mìíràn mọ́. Ó ń rìn káàkiri yàrá bí adìẹ tí wọ́n so. Mo tẹ̀ lé e lọ gba pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀rọ wọn ò sì rí ìka rẹ̀.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ni òṣìṣẹ́ wọn wí.

“Mo tẹ̀ ẹ́.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà.”

“Kò sí nǹkan kan bí?” ni mo fi já a gbà. “Ìka mẹ́wàá wà níwájú ẹ. Àbí kó yá tèmi?”

Fásílìnì ni wọ́n fi pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ̀rọ tó gbà pé èèyàn ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo bá àbúrò mi, ọmọ Yunifásítì, ọ̀gá rẹ̀ àti oníkámẹ́rà lọ, torí ibi tí nǹkan bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ojú mi gbọ́dọ̀ débẹ̀. A yí sẹ́yìn odò ẹran. Ògiri funfun bí ẹyin.

Àwọn alápatà tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹfun lára irùngbọ̀n wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Baba Alápatà bọ́ síwájú. “Alága, ẹ wo ògiri yín! Wọ́n ní àlejò ńlá ń bọ̀ wá wò ó. Ṣé inú èéfín la fẹ́ gbà wọ́n sí? Gbogbo wa la jí kùn ún.”

Ọmọ Yunifásítì sún mọ́ ògiri, ó ń wá ìlà kan ṣoṣo. “Ó parí,” ló wí. “Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fọ́tò. Ó ti parí.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin aláìláròjinlẹ̀! Orí màlúù lẹ ń là lójoojúmọ́, ẹ ò tiẹ̀ bu ọpọlọ inú rẹ̀ pamọ́ fún ara yín! Ta ló rán yín níṣẹ́?”

Baba Alápatà wo ògiri, ó wo ẹfun ọwọ́ rẹ̀, ó wá yé e. Àgbà ọkùnrin, ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. “Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yẹ la fẹ́ ṣe.”

Àbúrò mi kọjá láàárín wọn. Ó fi ìka kan ògiri, ó fi àtàǹpàkò ra ẹfun náà. “Ìgbà wo lẹ kùn ún?”

“Ní ìdájí yìí.”

“Ó ṣì tutù.” Ó bọ́ bàtà tuntun, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò rẹ̀. “Ta ló ń fọ ògiri yìí?”

Ọ̀kan nínú àwọn alápatà sáré gbé búrọ́ọ̀ṣì wá. Àbúrò mi jágbe mọ́ ọn. “Gbé e jìnnà! Búrọ́ọ̀ṣì á wọnú ìlà.” Àpò ló rẹ sómi, ó fún un títí kò fi kán mọ́, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lé ògiri, ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣan án, ó fún un, ó tún fà á.

Ẹfun ojú ògiri bá àpò lọ. Èyí tó ti wọnú ìlà dúró síbẹ̀. Ògiri dúdú, ìlà funfun báláú, ẹsẹ kan lábẹ́ èkejì, bí eyín lẹ́nu. Láti gbogbo ọdún yìí wá, èmi fúnra mi ò rí ìlà yẹn báyìí rí. Ẹni tó dúró lójú títì lè kà á.

Oníkámẹ́rà ò tiẹ̀ dúró kó parí. Àwọn alápatà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè látorí ẹsẹ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ariwo, bí ẹni ń ka góòlù. “Igba! Igba! Ọgọ́sàn-án!” Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. “Ọgọ́fà. Ọgọ́rin.” Ohùn wọn ń rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìlà gígùn ti tán, Baba Alápatà nìkan ló ń kà. “Mẹ́rìnlá. Méjìlá. Mọ́kànlá.” Ó ṣí fìlà rẹ̀. “Alága, a ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. A ò mọ̀ pé báyìí ló rí.”

“Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n,” ni àbúrò mi wí. “Ẹ gbé garawa yẹn fún mi.”

Fọ́tò lọ lọ́jọ́ náà. Èsì dé lọ́jọ́ Ajé: kí ó máa bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn alápatà ti gbin igi méjì sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń bú ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ ò mọ ohun tó tún fẹ́ dá ìrìn àjò yẹn dúró? Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún bọ́ sí ìparí oṣù. Ó jókòó lórí àpótí, ó ní òun ò lọ mọ́, oṣù kan ò já rí. Ó tún ti di ọ̀bẹ kíkú yẹn sáàárín aṣọ, ó fẹ́ gbé e wọ bàálù!

Mo yọ ọ̀bẹ náà. “Kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé kó o tó rí òkèèrè? Gbéra níbẹ̀. Èmi á kà á.”

“Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ta ni ò mọ ogún?”

Nítorí náà ni èmi, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, ṣe dúró lẹ́yìn odò ẹran láàárọ̀ ìparí oṣù, tí mo ń na ìka sí orí páànù. Baba Alápatà ní, “Ṣé igbákejì alága nìyí?” Mo dá a lóhùn bó ṣe yẹ, n ò lè tún un sọ níbí.

Ọ̀sán ni fóònù dún. Àbúrò mi ni, ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ tán. Ó ní gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọn ò fẹ́ jókòó. N ò tíì kí i tán tó fi ní, “Mélòó ni?”

“Méjìlá.”

“Ẹ tún un kà.”

“Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, olórí kunkun! Méjìlá. Ọ̀kan lé sórí mọ́kànlá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà ni, ìyẹ́ rẹ̀ ò tíì gún.”

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó yí kúrò nídìí fóònù, tó fi ohùn odò ẹran pariwo sínú gbọ̀ngàn àwọn ọ̀mọ̀wé: “Méjìlá!” Mo gbọ́ ọmọ Yunifásítì tó túmọ̀ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀.